Ọmọ Iṣẹ́ Kì í Ṣe Ọmọ Ọ̀dọ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní Yunifásítì àti ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ni mo fẹ́ bá yín sọ. Bí ìsinmi gígùn bá dé, wọn a lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò tàbí ti ìwé ìròyìn láti lọ fi ọwọ́ kan iṣẹ́ náà. "Áì-Tíì" ni wọ́n ń pè é.

Ètò yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1971 ni Ìjọba Àpapọ̀ dá àjọ ITF sílẹ̀. Ní 1973 àjọ náà gbé ètò SIWES kalẹ̀, kí àwọn ọmọ tí ó mọ̀wé lè mọ iṣẹ́ pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa kọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sínú ìwé kan, ọ̀gá ibi iṣẹ́ yóò fọwọ́ sí i, olùkọ́ rẹ̀ yóò sì wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ètò tí ó dára ni, bí a bá ṣe é bí ó ti yẹ.

Àbúrò mi obìnrin lo oṣù mẹ́rin ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan tí n kò ní dárúkọ. Nígbà tí ó parí, mo ṣí ìwé rẹ̀ wò: "Mo ran àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́." Bẹ́ẹ̀ ni láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, láti oṣù kìíní dé ìkẹrin. Mo bi í pé irú ìrànlọ́wọ́ wo ni. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ̀wà àti búrẹ́dì ni mo ń bá wọn rà, mo sì ń gbálẹ̀." Kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ owó ọkọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, inú èrè ata tí ìyá wa ń tà ni ó ti ń jáde.

N kò sọ pé kí ọmọ má jẹ́ iṣẹ́ àgbà o. Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán náà a máa gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbálẹ̀ tán, ọ̀gá rẹ̀ yóò fún un ní àkísà kí ó fi kọ́ maṣíìnì. Yóò tú ibi tí kò gún, yóò ní kí ó tún un rán. Títú àti àtúnrán yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n rán àwa olùkọ́ lọ dánra wò, ọ̀gá wa a jókòó sẹ́yìn kíláàsì, a fi yíǹkì pupa ha ìwé wa. Ó dùn wá nígbà náà, ṣùgbọ́n òun ni a fi ń jẹun lónìí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìròyìn kíkọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ lọ sí ìpàdé, kí ó kọ ohun tí ó gbọ́, kí àgbà sì bi í pé, "Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé o ti gbọ́ tẹnu ẹnì kejì?" Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé irọ́ kan ṣoṣo nípa ọ̀wọ́n epo tó láti da ọjà rú. Inú mi dùn pé Yunifásítì Èkó àti ti Ìbàdàn ní rédíò tiwọn nínú ọgbà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè kọ́ iṣẹ́ kí ó tó bọ́ síta.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má béèrè iye tí wọ́n san fún ọmọ yín nìkan. Ẹ ní kí ó fi ohun tí ó kọ hàn yín. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń bẹ̀ wọ́n wò, ẹ má fọwọ́ sí ìwé lẹ́nu géètì kí ẹ sì máa lọ. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ìròyìn kan péré lọ́sẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe níṣojú ọmọ náà, ó tó. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.