Gbèsè Tí Ó Rán Mi Lọ sí Kíláàsì Ìṣirò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà; ẹni tí kò lè béèrè ni ó ń pọ́n ara rẹ̀ lójú. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ òwe yìí sójú pátákó fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú Ìkòròdú, tí mo sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí mo pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì kí òwe náà tó dá èmi alára lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀ fún yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ̀yin má baà kọsẹ̀ níbi tí èmi ti kọsẹ̀.

Láti kékeré ni èmi àti ìṣirò kò ti jọ rẹ́. Nígbà tí mo dé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, èdè Yorùbá ni mo yàn láàyò, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò títí ayé. Mo tilẹ̀ máa ń fi í ṣe àwàdà níwájú àwọn ọmọ pé oníṣirò ní tirẹ̀, ọlọ́rọ̀ ní tirẹ̀. N kò mọ̀ pé àwàdà náà yóò fi mí ṣẹ̀sín lọ́jọ́ kan.

Ní ìparí ọdún 2021, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi obìnrin ká mi mọ́. Mo lọ bá bàbá kan tí ó ń yá ènìyàn lówó, mo sì gba ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náírà, èyíinì ni ₦200,000, lọ́wọ́ rẹ̀. Àdéhùn wa ni pé náírà 5 ni èlé lórí náírà 100 ní oṣù kọ̀ọ̀kan, àti pé èlé tí n kò bá san yóò di ara owó tí mo jẹ. Mo fọwọ́ sí ìwé láìka gbólóhùn kejì yìí sí nǹkan. Mo fi márùn-ún lọ́nà méjìlá, ó di ọgọ́ta. Mo sì gbà lọ́kàn pé bí ọdún bá pé, ₦320,000 ni n óò san. Nígbà tí ọdún yí po, bàbá náà ní ₦359,171 ni. Inú bí mi. Mo gbé ohùn sókè ní iwájú ilé rẹ̀, níṣojú àwọn aládùúgbò, mo sì pè é ní olè. Bàbá náà kò dá mi lóhùn. Ó wò mí, ó sì wọlé lọ.

Ní ọjọ́ kejì mo kó ẹjọ́ náà dé yàrá àwọn olùkọ́. Obìnrin kan tí ó ń kọ́ni ní ìṣirò, tí mo fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá dàgbà jù, gba ìwé àdéhùn náà lọ́wọ́ mi. Ó ṣírò rẹ̀, ó sì dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹnikẹ́ni kò jí yín lówó. Èlé ni ó ń gun orí èlé.” Mo ní kí ó ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé, kò yé mi. Ó tún un sọ, ojú sì tì mí láti sọ pé kò tí ì yé mi síbẹ̀. Mo san owó náà, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí mọ́. Èwo ni ó burú jù: kí ènìyàn jẹ gbèsè ni, tàbí kí ó pe aláìṣẹ̀ ní olè nítorí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀?

Báyìí ni mo ṣe forúkọ sílẹ̀ ní oṣù January ọdún 2023 fún ẹ̀kọ́ ìṣirò ọjọ́ Sátidé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìhà Yábàá. Precalculus ni orúkọ ẹ̀kọ́ náà, èyíinì ni ìṣirò tí a ń kọ́ kí a tó dé calculus. Àwọn tí a jọ jókòó kò ju ọmọ ogún ọdún lọ. “Dádì” ni wọ́n ń pè mí. Olùkọ́ wa pàápàá kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, máàkì 31 nínú 100 ni mo gbà. Mo yára ká ìwé náà sí àpò kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Òpómúléró ẹ̀kọ́ náà ni ohun tí àwọn oníṣirò ń pè ní function. Olùkọ́ wa ní kí a ronú nípa ẹ̀rọ ìlọta inú ọjà. Ohun tí a bá dà sínú rẹ̀ ni ó ń pinnu ohun tí yóò jáde. Bí a bá da ata sí i, kò lè jáde ní ẹ̀wà. Bí a bá sì da òkúta sí i, ẹ̀rọ yóò bàjẹ́, nítorí pé a kò ṣe é fún òkúta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni function: òfin kan tí ó ń gba nọ́ńbà kan, tí ó sì ń fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dá wa lóhùn, tí ohun tí a lè fi sínú rẹ̀ sì ní ààlà. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó lo àmì f(x) fún un ní ọdún 1734. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ọkàn mi lọ sí èdè wa. Kí ni márùndínláàádọ́ta? A fi ogún lọ́nà mẹ́ta, ó di ọgọ́ta. A yọ ẹ̀wá, ó di àádọ́ta. A yọ márùn-ún, ó ku 45. Òfin lórí òfin ni. Ohun tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ogún ọdún wá ni, n kò sì mọ orúkọ rẹ̀!

Lẹ́yìn èyí ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi function ya àwòrán ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láyé. Èkínní ni èyí tí ń lọ tààrà. Mo fi owó ọkọ̀ mi láti Ìkòròdú dé Yábàá ṣe àpẹẹrẹ: bí ọ̀sẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, owó náà yóò di ìlọ́po méjì. Mo fi í ṣírò iye tí n óò ná títí ọdún yóò fi parí, ó sì bá a mu fún oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù May, a kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó epo ju ìlọ́po méjì lọ, owó ọkọ̀ sì fò sókè. Ìṣirò mi kò ní àṣìṣe. Ayé ni ó kúrò lórí ìlà tí mo fà.

Èkejì ni èyí tí ń lọ tí ń bọ̀ bí ìgbì omi ọ̀sà. A ya gígùn ọ̀sán sórí ìwé. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ọ̀sán máa ń tó nǹkan bí wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 30 ní ìparí oṣù June. Ní ìparí December, ó máa ń jẹ́ nǹkan bí wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 45. Function tí a ń pè ní sine bá ìgòkè-gódò yìí mu rẹ́gí. Inú mi dùn, mo sì fẹ́ fi òkè kan ṣoṣo náà ṣe ti òjò. Kò bá a mu. Òjò tiwa ní òkè méjì: ó ń pọ̀ ní June, ó ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní August, àrọ̀kúrò sì tún ń dé ní September àti October. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé ti mọ èyí kí a tó bí mi.

Ẹ̀kẹta ni ó mú mi dé ibi tí mo ń lọ. Èyí kì í fi iye kan náà kún ara rẹ̀ nígbà gbogbo. Ohun tí ó ti kó jọ pàápàá ni ó tún ń bímọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó sídìí tábìlì, mo fa ìwé àdéhùn ọjọ́sí yọ. ₦200,000 lọ́nà 1.05 di ₦210,000 ní oṣù kìíní. Lójú tèmi, ₦220,000 ni ó yẹ kí oṣù kejì jẹ́. Ṣùgbọ́n ₦10,000 tí ó jẹ́ èlé oṣù kìíní ti bí ₦500 tirẹ̀, ó di ₦220,500. Ní oṣù kẹta, ó di ₦231,525. Mo bá a lọ títí dé oṣù kejìlá: ₦359,171. Mo tún un ṣe. Iye kan náà ni. Bí mo bá fi sílẹ̀ di òpin ọdún kejì ni, ì bá lé ní ₦645,000, nígbà tí ìṣirò orí mi ì bá máa sọ pé ₦440,000.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ilé bàbá náà, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Bàbá, mo pè yín ní olè. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ṣì í. Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n ṣírò.” Ó wò mí títí. Ó ní, “Tíṣà, dìde. Ṣùgbọ́n níṣojú àwọn ènìyàn ni o ti bú mi.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo jáde síta, mo ké sí àwọn aládùúgbò tí ó wà nítòsí, mo sì tún ẹ̀bẹ̀ náà bẹ̀ níṣojú wọn. N kò sọ pé èlé náà kò wúwo. Ó wúwo púpọ̀, n kò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti yá irú owó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wúwo yàtọ̀ sí ohun tí a jí.

Máàkì 62 ni mo fi parí ẹ̀kọ́ náà. Kì í ṣe máàkì tí ènìyàn lè fi yangàn, ṣùgbọ́n n kò ká ìwé náà sí àpò mọ́. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé function dàbí òwe: òtítọ́ ni nínú ààlà rẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ààlà náà yóò ṣì í lò. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn èdè, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ sá fún ìṣirò. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ kà á yé. Bí kò bá yé yín, ẹ béèrè. Bí kò bá sì tí ì yé yín síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín láti tún béèrè.