Tíì Aago Mẹ́fà

Ring Road ni wọ́n ti bí mi, n'Ìbàdàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí mo rí i tí wọ́n kọ "Ring Road" gàdàgbà sára pátákó lẹ́bàá títì, ara mi balẹ̀. Mo ní ìlú tó ní Ring Road kò lè fi èdè dà mí láàmú. Ṣebí Practical English, ìwé tí Phebean Ògúndípẹ̀ ará Èsà-Òkè àti Tregidgo kọ, ni wọ́n fi kọ́ wa? Èyí tí bàbá mi rà fún mi lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ ìwé ní Dùgbẹ̀ kò tilẹ̀ ní èèpo ẹ̀yìn mọ́. Mo mọ ọ̀rọ̀ dáadáa. Ibi tí wọ́n ń lò ó sí ni n kò mọ̀.

Obìnrin kan níbi iṣẹ́ wa ní kí n wá mu tíì nílé òun ní Sátidé, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Tíì kẹ̀! Ní Àgbowó tí mo gbé nígbà tí mo wà ní Yunifásítì, ohunkóhun tó bá ti gbóná nínú kọ́ọ̀bù, ì báà jẹ́ Milo, ì báà jẹ́ Bournvita, tíì ni. Búrẹ́dì la fi ń mu ún láàárọ̀. Mo ní tíì kì í yóni, ni mo bá gbé ẹ̀bà jẹ kí n tó kúrò nílé, ẹ̀bà tó ní ìwọ̀n. Mo dé ọ̀hún, mo bá ẹran yíyan, pòtétò, kárọ́ọ̀tì àti omi ẹran tó ki lórí tábìlì. Oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ń pè ní tíì lápá ibẹ̀. Ti ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ wọn ń pè ní dinner. Ojú ń tì mí, mo jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀bà ti jókòó tẹ́lẹ̀, kò sì fẹ́ sún fún àlejò.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ìpè ni ìpè o. Ẹlòmíràn á ní "You must come round", kò ní dárúkọ ọjọ́. Èyí kò yẹ kó rú ọmọ Yorùbá lójú. Bí ẹ bá bá ìyá aláta nídìí oúnjẹ lọ́jà Bódìjà, tó ní "ẹ wá jẹun", ta ni yóò fọwọ́ bọ abọ́ rẹ̀? "Á gba ibi ire" la ó wí, a ó sì máa ná ata wa lọ.

Ìkíni ló pẹ́ jù kó tó yé mi. "You alright?" ni wọ́n ń wí bí wọ́n bá ń kọjá. Èmi á dúró, mà á máa ròyìn ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀, ẹni náà ti wọ ọ́fíìsì lọ. Àwo bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, mo ní "sorry", ó ní ṣé èmi ni mo ti òun ni? Pẹ̀lẹ́ ni mo ń kí i, n kò bẹ̀bẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ kú iṣẹ́, àwa ní tiwa sì fi "well done" dí àyè rẹ̀. Bí mo bá wí i fún ọ̀gá mi, ó ń rí létí rẹ̀ bí ìgbà tí tíṣà ń yin ọmọ jéléósinmi. "I'm coming" ńkọ́, tí mo ń wí bí mo ṣe ń jáde lọ? Mò ń bọ̀ náà ni. Ta ni kò yé ní Challenge n'Ìbàdàn?

N kò gbà pé àṣìṣe ni gbogbo rẹ̀. Láti 1971 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bánjọ ti Yunifásítì Ìbàdàn ti pín Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ nílé sí ìsọ̀rí mẹ́rin, ó fi hàn pé ó yẹ ká wò ó fínnífínní. Ní oṣù kìíní 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba ọ̀rọ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n láti inú Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà wọlé. "Next tomorrow" wà níbẹ̀, ọ̀túnla wa gan-an. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀túnla láyé àtijọ́, overmorrow, wọ́n jẹ́ kó sọnù. Lẹ́yìn ìgbà náà, japa àti gèlè tẹ̀lé e, ẹ̀bà náà sì wọlé. Ó ti dé ikùn mi ṣáájú, ní Sátidé ọjọ́ yẹn.

Àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Leeds pọ̀ lọ́dún yìí. Bí àwa ọmọ Yorùbá ibí bá pàdé lóṣù tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù wọn mú gbólóhùn kan tó rú u lójú wá, ká jọ tú u. Tíì máa wà. Ẹ má jẹun kúrò nílé o.