Ọmọ Ìlóbì ní Lọ́ńdọ̀nù: Ìlú Ọ̀wọ́n, Igbó Ọ̀fẹ́

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò máa yangàn pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Òwe yìí kò mọ sí orí ìtóbi oko nìkan. Ẹni tó bá dé oko olóko a rí bí wọ́n ṣe ń ro ó, bí wọ́n ṣe pààlà rẹ̀, àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Nígbà tó bá padà sí oko baba tirẹ̀, ojú mìíràn ni yóò fi wò ó. Ìdí nìyí tí ìwé ìrìn àjò fi ní àyè tirẹ̀ nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá. D. O. Fagunwa, tó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní ọdún 1938, wà ní Ìlú Ọba láti 1946 sí 1948. Ìrìn àjò náà ló so èso ìwé Ìrìnàjò, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1949, ọdún kan náà tí Igbó Olódùmarè jáde. Ẹni tó kọ ìwé igbó náà ló kọ ìwé ìrìn àjò, kò sì yani lẹ́nu: ẹni tó mọ igbó wò ni ó mọ ìlú wò.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2024, obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní ẹ̀kọ́ Báyọ́lọ́jì rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Ìlóbì ni wọ́n ti bí i, ní ilẹ̀ Yewa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí kò jìnnà sí Ìlaròó, tí kò sì jìnnà sí ẹnubodè Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹbí ló dáwó jọ san owó ọkọ̀ òfuurufú. Ọjọ́ méjìlá ni yóò lò níbẹ̀. Láti kékeré ni ìfẹ́ igi, ẹyẹ àti ewéko ti wà lọ́kàn rẹ̀, ohun tó sì fẹ́ rí ní ìlú ńlá náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn kan ti lé ní 1,800 náírà nígbà náà. Pọ́n-ùn 120 péré ló mú dání, ìyẹn pọ́n-ùn mẹ́wàá fún ọjọ́ kan, ó sì ti jẹ owó oṣù rẹ̀ ju méjì lọ.

Ìṣirò ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ìlú ọ̀wọ́n máa ń fún àlejò. Ohunkóhun tó bá rí, á ti sọ owó rẹ̀ di náírà lọ́kàn kí ó tó fọwọ́ kàn án. Owó bọ́ọ̀sì fún ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún 2024 yẹn jẹ́ pọ́n-ùn kan àti pẹ́ńsì 75, èyí tó ju 3,000 náírà lọ nígbà náà. Láti ọdún 2014 ni àwọn bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́, àfi káàdì. Kò sí àyè pé kí èèyàn dúró máa ná owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó tètè kọ́ ọgbọ́n kan: ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì mìíràn kí wákàtí kan tó pé kò ní san owó kejì.

Ọgbà Kew, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1759, wà lára ohun tó ti ń kà nínú ìwé láti ìgbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ilé onígíláàsì ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ilé Ọ̀pẹ. Láàárín 1844 sí 1848 ni wọ́n kọ́ ọ, kí àwọn igi ilẹ̀ olóoru tí òtútù ì bá pa lè máa rí ooru níbẹ̀. Owó ìwọlé ọgbà náà ju pọ́n-ùn 20 lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Ọmọ Ìlóbì, tí ọ̀pẹ yí ilé baba rẹ̀ ká, rò ó wò pé òun yóò san ju 36,000 náírà lọ láti lọ wo ọ̀pẹ. Ó mọ̀ dájú pé ohun tó wà ní Kew ju ọ̀pẹ lọ, ṣùgbọ́n owó ọjọ́ méjì gbáko ni yóò lọ sí i. Ó fi í sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbà á sílé ní Peckham, nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ ní ìlú náà, rẹ́rìn-ín títí nígbà tó gbọ́ ohun tí àlejò rẹ̀ ń wá.

"Ìyá Ìbejì, ṣé igbó lo wá wò ní Lọ́ńdọ̀nù ni? Ìgbà wo ni igbó tán ní Ìlóbì?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, kò tíì tán," ni èsì rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó ń tán lọ. Ibi tí wọn kò ti jẹ́ kó tán ni mo fẹ́ wò."

Peckham, ní apá gúúsù ìlú náà, jẹ́ ibi tí Yorùbá pọ̀ sí. Èèyàn lè ra gààrí, iṣu àti ẹ̀gúsí níbẹ̀ láìsọ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Láti ọjà náà dé ọgbà ìgbafẹ́ Peckham Rye, ìrìn ẹsẹ̀ ni, kò sì sí owó ìwọlé. Ìtàn ìgbésí ayé William Blake, akéwì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1757, sọ pé ibẹ̀ ló ti rí igi kan nígbà èwe rẹ̀ tí àwọn áńgẹ́lì kún orí ẹ̀ka rẹ̀. Nígbà tó délé tó ròyìn, díẹ̀ ló kù kí bàbá rẹ̀ nà án fún irọ́ pípa. Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí ọmọ Yewa. Ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ fún láti kékeré pé kó má sún mọ́ ìrókò lóru mọ̀ pé igi kì í ṣe igi lásán.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó lọ sí Richmond Park. Bọ́ọ̀sì 37 gbé e láti Peckham dé Putney Heath, ó sì fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Bùrẹ́dì, ẹyin sísè àti omi ló dì sínú àpò. Ọgbà náà tó éékà 2,500, kò sì sí ẹni tó béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu géètì. Àgbọ̀nrín tó lé ní 600 ń jẹko níbẹ̀ láàárín igi óákù tó ti lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tó rí ni pé kí èèyàn fi mítà 50 jìnnà sí wọn. Ní ilé, ẹranko tó bá gbàgbé ara rẹ̀ dé ibi tí mítà 50 yóò fi kù, inú ọbẹ̀ ni yóò sùn. Ó tún rí àwọn ẹyẹ ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pariwo lórí igi. Àlejò ni àwọn náà: ẹyẹ inú àgò ni ìran wọn, ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti kó wọn wá, láti nǹkan bí ọdún 1970 ni wọ́n sì ti ń pamọ nínú igbó ìlú òtútù náà.

Ìbéèrè kan kò jẹ́ kí olùkọ́ náà gbádùn ẹyin rẹ̀ tán: ní ìlú tí ohun gbogbo ti lówó lórí, ta ló sọ ilẹ̀ tó tó báyìí di ọ̀fẹ́?

Ìdáhùn rẹ̀ kò dùn tó bí ewéko ọgbà náà ṣe dùn ún wò. Ọba Charles Kìíní ló mọ ògiri yí ibẹ̀ ká ní 1637 kó lè máa ṣọdẹ àgbọ̀nrín, ilẹ̀ àwọn ará abúlé sì wà lára ohun tó gbá mọ́ ọn. Ó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Amelia, ọmọ Ọba George Kejì, di alábòójútó ọgbà náà ní 1751, ó ti géètì mọ́ aráàlú, àfi ẹni tó bá fún ní ìwé àṣẹ. John Lewis, alápọntí kan ní Richmond, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, ó sì jàre ní 1758. Wọ́n dá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ padà, wọ́n sì gbé àkàsọ̀ sí ẹnu géètì. Wọ́n ní àlàfo àárín ìgbésẹ̀ àkàsọ̀ náà pọ̀ jù, Lewis sì tún padà lọ bá adájọ́ pé ọmọdé àti arúgbó kò lè gùn ún. Alápọntí lásán ló bá ọmọ ọba ṣẹjọ́.

Igbó Epping, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ìlú náà, ní ìtàn tó jọ èyí. Àwọn ará Loughton ní ẹ̀tọ́ láti gé ẹ̀ka igi níbẹ̀ fún igi ìdáná ìgbà òtútù. Nígbà tí àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í sọgbà yí igbó ká, Thomas Willingale, òṣìṣẹ́ tálákà kan, kò dẹ́kun gígé ẹ̀ka. Ní 1866, wọ́n ju àwọn ẹbí rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ gígùn tí àwọn aláṣẹ ìlú Lọ́ńdọ̀nù dá sí. Ní 1878 ni òfin kan sọ igbó náà di ti gbogbo ènìyàn, ó sì wà bẹ́ẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n àwọn ará Loughton pàdánù ẹ̀tọ́ igi ìdáná wọn. Owó gbà-má-bínú ni wọ́n fi kọ́ gbọ̀ngàn kan fún wọn. Ọ̀fẹ́ tí àlejò ń jẹ lónìí, ẹlòmíràn ló ti san owó rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí òjò kò jẹ́ kó rìn nínú ọgbà, obìnrin náà wọ British Museum, tí ìwọlé rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ bákan náà. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lára ohun tí ilé náà kó jọ, Ìlóbì sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tí ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ibẹ̀ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kétu náà ń sọ pé tòun ni. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún àràmàǹdà tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, inú igbó sì ni igi ti ń wá. Ijó náà wà nínú ìwé UNESCO; igi ọ̀mọ̀ tí agbẹ́gilére ń wá kiri kò sí níbẹ̀. Bí igbó bá tán, ère tó wà nínú gíláàsì ní òkè òkun ni àwọn ọmọ Ìlóbì yóò máa wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wò.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ bí a ṣe ń ṣọ́ igbó. Èèwọ̀ ni ògiri tiwọn. Igbó orò, igbó òrìṣà, igbó ọba: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi àdá kan igi tó wà níbẹ̀, ẹ̀rù sì ń ṣe iṣẹ́ tí géètì àti ọlọ́pàá ń ṣe níbòmíràn. Nígbà tí ẹ̀sìn mìíràn dé tí ẹ̀rù náà sì dínkù, ògiri wó. Ibi tó ti yẹ kí òfin àti ìfẹ́ aráàlú dípò rẹ̀ ni ẹ̀rọ agégi wọlé sí. Òfin orí ìwé nìkan kò sì tó. Igbó ìjọba Omo, ní apá Ìjẹ̀bú ní ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà, ti jẹ́ igbó ìjọba láti 1925, UNESCO sì fọwọ́ sí i ní 1977. Erin ṣì ń bẹ nínú rẹ̀, síbẹ̀ àwọn agégi àti olóko kòkó kò yéé jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ti Òṣogbo yàtọ̀. Igbó Ọ̀ṣun wà níbẹ̀ títí tó fi wọ inú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, nítorí pé àwọn olùsìn Ọ̀ṣun, Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ dúró tì í nígbà tí kò sí ẹni tó kà á sí. Èèyàn ló gba igbó náà là, bí èèyàn ṣe gba Epping là.

Nígbà tí iléèwé wọlé ní oṣù kẹsàn-án, olùkọ́ náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ kan. Kí olúkúlùkù lọ bá àgbàlagbà kan nílé, kó béèrè orúkọ igi kan tí àgbà náà mọ̀ tí òun kò mọ̀, kó béèrè ibi tí igi náà wà, kó sì béèrè ẹni tó ni ilẹ̀ náà báyìí. Àwọn kan mú ewé wá. Àwọn kan mú orúkọ nìkan wá, nítorí igi náà kò sí mọ́. Ìbéèrè kẹta ni kò sí ẹni tó rí ìdáhùn tó dájú sí. Igi gànnángànnán má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Iṣẹ́ náà kò gba owó, olùkọ́ èyíkéyìí sì lè fún kíláàsì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí.