Ọkọ̀ Oníná Dákú ní Ògùnpa

Láti ọdún 2020 tí Hyundai Kona oníná ti jáde l'Ékòó ni mo ti ń wo ojú ọkọ̀ oníná. Kì í ṣe òun ni mo padà rà o, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, mo ra irú tèmi.

Ìgbéyàwó ẹbí kan ní Bẹ́yẹrúnkà ló mú mi gbé e wá sí Ìbàdàn. Tọ́ọ̀gèètì, Challenge, Mólété, Òkè-Àdó, ọkọ̀ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo kọjá Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, iná inú bátìrì ṣì lé ní ìdajì.

Ògùnpa ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, mo sì wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láàárín àwọn Micra àti ọlọ́kadà. Lójijì ni iná ìkìlọ̀ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: ti búréèkì, ti sítíárì, ti àpò afẹ́fẹ́, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa á. Nígbà tí mo fẹ́ tan án padà, ó kọ̀ jálẹ̀.

Èrò pé lé mi lórí. Ìyá kan tó ń ta bàtà ní kí n lọ ra bẹntiróòlù sí i. Bàbá àgbà kan ní omi ló wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fojú rí omíyalé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 kò ní í fi odò Ògùnpa ṣeré, n kò sì bá bàbá jiyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi tí mo gbà kọjá kò mu ìdajì táyà.

Mo pe àwọn tó tà á fún mi l'Ékòó. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, wáráńtì á bàjẹ́; àwọn á rán ọkọ̀ tí yóò wá wọ́ ọ, bóyá lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Sátidé la wà yìí! Mo ṣí ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá. Ohun tí mo kà níbẹ̀ kò le tó ohun tí wọ́n sọ lórí fóònù. Ìwé gbà kí a fi bátìrì ọkọ̀ mìíràn jí bátìrì kékeré, ó gbà kí a pààrọ̀ fíùsì bí áńpìsì rẹ̀ bá ti jẹ́ iye kan náà. Ohun tó kà léèwọ̀ ni gígé wáyà, àti fífọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn. Iná inú ìyẹn lé ní volt 300, ó ń pa ènìyàn.

Bátìrì méjì ni ọkọ̀ oníná ń lò. Ńlá ló ń yí táyà. Kékeré, volt 12 bíi ti Micra, ló ń gbé kọ̀ǹpútà, iná àti ilẹ̀kùn, òun náà ló sì ń so ńlá mọ́ ọkọ̀. Bó bá rẹ̀ ẹ́, ó dà bí ìgbà tí onígéètì sùn lọ, tí olówó wà nínú ọgbà tí kò ríbi jáde. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan á wá máa ké pé òun ṣàìsàn.

Réwáyà kan dé láti ọ̀nà Agbẹ́ni pẹ̀lú tẹ́sítà. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, a ò ní gé nǹkan kan o. Wáráńtì ṣì wà lórí ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló fẹ́ gé e? Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná."

Volt 10.8. Bátìrì tó kún yẹ kó lé ní 12.5. Ó mi wáyà ẹ́ẹ̀tì, orí rẹ̀ ń yẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ìpẹtà funfun sì ti bò ó. Mo ya fọ́tò rẹ̀ kó tó fi sáńpépà ha á, kó tó fi sípánà 10 dè é. Awakọ̀ Micra kan yọ̀ǹda bátìrì tirẹ̀. Wọ́n so wáyà pupa ṣáájú, wọ́n fi dúdú kan irin ara ọkọ̀. Ọkọ̀ dún kẹ̀, ó jí! Réwáyà tún wọ̀n ọ́n: 14.2. Inú mi dùn sí nọ́ńbà yẹn ju iná tó tàn lọ, torí ó fi hàn pé ẹ̀rọ tó ń gbé iná láti ara bátìrì ńlá wá fún kékeré ń ṣiṣẹ́. Ká ní kò ju 11 lọ ni, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ní Ògùnpa. Á di ọ̀rọ̀ Èkó.

Iná ìkìlọ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń gun òkè Mápó. Ti sítíárì ló pẹ́ jù.

Nígbà tí mo padà dé Èkó, mo kó fọ́tò lọ bá àwọn tó tà á. Wọ́n wò ó, wọ́n fún mi ní bátìrì kékeré tuntun, wọn kò gba kọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé wáráńtì ti bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tó fẹ́ ra ọkọ̀ oníná, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ta ni yóò tún un ṣe n'Íbàdàn, kí ó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá wá yẹ àdéhùn, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, wà tí ẹ lè fẹjọ́ sùn.