Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì Lókè Òkun: Irọ́ Tí Mo Pa Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ilẹ̀ Táílàǹdì, ohun tí àwọn ará ilé sábà máa ń bi mí ni pé, ǹjẹ́ ọmọ Yorùbá ha lè máa kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ó sì rí jẹ nídìí rẹ̀? Ó ṣeé ṣe, òun náà ni mo sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìtàn tí n óò sọ fún yín lónìí kì í ṣe èyí tí mo lè fi yangàn. Ìtàn irọ́ kan ni, èmi gan-an ni mo sì pa á.

Ìlú Nakhon Ratchasima ni mo ń gbé. Khorat ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè é ní kúkúrú. Ó tó nǹkan bí 260 kìlómítà sí Bangkok tí í ṣe olú ìlú wọn, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Ogójì ọmọ ni mo ń kọ́ nínú kíláàsì kan. Ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ wọ́n á fa àsíá sókè, gbogbo ilé-ìwé á dúró ṣánṣán, wọ́n á kọ orin orílẹ̀-èdè wọn. Bí ọmọ bá pàdé tíṣà, yóò pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, yóò sì tẹrí ba. Nínú oṣù Kẹfà, wọ́n máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti bọ̀wọ̀ fún olùkọ́. Àwọn ọmọ á kúnlẹ̀ níwájú wa pẹ̀lú òdòdó àti koríko lọ́wọ́. Koríko náà ní ìtumọ̀: bí ó ti máa ń tètè ràn nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ìmọ̀ máa gbèrú nínú wọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rántí bí a ti ń dọ̀bálẹ̀ fún tíṣà wa nílé, omi sì lé sí mi lójú.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ó ń dùn mí. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì wà lọ́wọ́ mi, láti kékeré ni wọ́n sì ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí Nàìjíríà kò sí lára àwọn ilẹ̀ tí wọ́n kà sí ilẹ̀ àwọn tí ó ni èdè náà. Mo ṣe é, mo sì yege. Owó tí wọ́n wá ń san fún mi jẹ́ 20,000 báàtì lóṣù. Ẹni tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń lo tábìlì kan, tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, ń gba 35,000. Oṣù mẹ́wàá péré ni àdéhùn mi sì wà fún. Bí ilé-ìwé bá ti gba họlidé ńlá, owó dúró nìyẹn, ṣùgbọ́n ikùn kì í gba họlidé.

Ẹ má rò pé oṣù Keje àti Kẹjọ ni họlidé ńlá wọn bọ́ sí bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì o. Láti àárín oṣù Kẹta títí dé àárín oṣù Karùn-ún ni, nítorí ìgbà náà ni oòrùn wọn ń mú jù lọ. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, bí a ti ń palẹ̀ ìwé mọ́, alárinà kan tí ń bá àwọn ilé-ìwé wá tíṣà pè mí lórí fóònù. Ó ní iṣẹ́ kan wà ní Bangkok, 35,000 báàtì lóṣù.

“Ohun kan ṣoṣo ni,” ni ó wí. “Bí àwọn òbí bá bi ọ́, Amẹ́ríkà ni o ti wá. Ta ni yóò mọ̀? Aláwọ̀ dúdú ṣáà ni gbogbo yín.”

Ó ní kí n fún òun lésì kí ọdún Songkran tó parí. Ọdún tuntun wọn ni èyí, láti ọjọ́ 13 sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin. Mo rántí owó ilé-ìwé àbúrò mi. Mo rántí òrùlé ìyá mi tí ń jò. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo di báàgì mi, mo bọ́ sọ́nà, pé bóyá ìrìn-àjò yóò bá mi rò ó.

Ọkọ̀ ojú irin olówó pọ́ọ́kú ni mo wọ̀ lọ sí Bangkok. Fèrèsé rẹ̀ á ṣí sílẹ̀, fáànù á máa yí lókè, àwọn tí ń kiri ọjà á sì máa gba àárín ọkọ̀ kọjá pẹ̀lú adìẹ sísun àti ìrẹsì kan tí ó lẹ̀ mọ́ra, tí a ń fi ọwọ́ bù jẹ bí ẹni ń jẹ iyán. Oúnjẹ ìhà Khorat kò ṣe àjèjì sí mi rárá. Ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n ni wọ́n ń gún pẹ̀lú ata nínú odó, wọ́n sì ní ẹja kan tí wọ́n ń fi iyọ̀ rẹ sínú ìkòkò, tí òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbàgbé irú.

Ṣùgbọ́n èdè wọn ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ohùn mẹ́ta ni tiwa, dò re mí; márùn-ún ni tiwọn. Bí o bá pe maa, “wá” ni o wí. Bí o bá gbé e sókè ní máá, ẹṣin ni. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tí o sì gùn ún sókè ní màá, ajá ni. Àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ mi ń pe ẹṣin ní ajá, àwọn ọmọ á sì máa rẹ́rìn-ín. Etí tí ó ti ya ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ àti ọkọ sọ́tọ̀ láti kékeré kò jìyà tó bẹ́ẹ̀. Nílé-ìwé tí mo lọ nílé, bí a bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, ẹgba ni. Wọ́n ní èdè náà kò lè gbé wa dé ibì kankan. Ó mà gbé mi dé Khorat.

Ní Bangkok, mo dé ọjà aṣọ Pratunam, níbi tí àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Áfíríkà ti máa ń ra ọjà. Láàárín èrò ni mo ti gbọ́ tí obìnrin kan ń wí fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, “Má dá a lóhùn, ó ti fi owó lé e.” Inú mi dùn bí ẹni pé wọ́n gbé ilé wá bá mi. Mo ní, “Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá mi.” Wọ́n bi mí léèrè ìlú mi, mo sì dáhùn láìronú.

Láti ibẹ̀ mo lọ sí Maeklong, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Bangkok. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ gbọ́ èyí. Orí ojú irin gan-an ni wọ́n pàtẹ ọjà sí. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè, wọ́n á ká aṣọ ìbòrí wọn sẹ́yìn, wọ́n á fa igbá ọjà sẹ́yìn díẹ̀, ọkọ̀ á sì rọra kọjá bí ẹni pé yóò kan ènìyàn nímú. Bí ó bá ti lọ tán, aṣọ ìbòrí á padà, “èló ni” á sì tún bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tí ń ta edé gbígbẹ bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní kí n dán irọ́ náà wò, bí ẹni ń dán bàtà tuntun wò lẹ́sẹ̀. Mo ní, “Amẹ́ríkà.” Ojú rẹ̀ tàn, ó sì fi owó lé edé náà lójú ẹsẹ̀. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, owó ni ó ná mi.

Ìkejì ná mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdó Thonburi ní Bangkok, mò ń lọ sí Kanchanaburi ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ìyá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó, wọ́n kọjú sí mi. Ó bi mí ní ìlú mi, mo tún ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ ni fóònù mi dún. Ìyá mi ni. Wákàtí mẹ́fà ni a fi ṣíwájú wọn, nítorí náà òwúrọ̀ ṣì ni lọ́dọ̀ rẹ̀.

“Ẹ kú àárọ̀ o, Màmá. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ṣé òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?”

A sọ̀rọ̀ títí. Nígbà tí mo parí, ìyá àgbà náà ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Èdè tí o sọ yẹn ń gòkè, ó ń sọ̀, bíi tiwa,” ni ó wí. “Ó dùn létí. Ṣé òun ni wọ́n ń sọ ní Amẹ́ríkà?”

“Rárá, ìyá àgbà.”

“Ta ni o wá ń bá sọ̀rọ̀?”

“Ìyá mi ni.”

Ìtìjú bò mí. Mo jẹ́wọ́ fún un pé ọmọ Nàìjíríà ni mí, Yorùbá sì ni èdè mi. Mo ní kí ó má bínú. Kò bínú. Ó kàn bi mí pé, “Kí ló dé tí o fi sẹ́ wọn? Ṣé wọ́n ṣẹ̀ ọ́ ni?” Ó wá bu ìrẹsì rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. N kò tíì rí èsì sí ìbéèrè rẹ̀ títí di òní.

Ojú irin tí ó gba Kanchanaburi kọjá ní ìtàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ológun Japan fi ipá mú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun àti àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Éṣíà láti la ojú irin 415 kìlómítà láti Táílàǹdì wọ ilẹ̀ Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar báyìí. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1943. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun tí ó kú sídìí iṣẹ́ náà lé ní 12,000, àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Éṣíà tí ó kú sì pọ̀ jù wọ́n lọ. Itẹ́ òkú ogun kan wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ Kanchanaburi tí ibojì inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7,000. Mo rìn láàárín wọn, mo ń ka orúkọ tí ó wà lára òkúta.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ogun Bọ́mà tí àwọn bàbá wa ń sọ. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ológun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó jà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile nítòsí Ọ̀wọ̀. Ní 1944 ni ó fara gbọgbẹ́ lẹ́bàá odò Kaladan, ní òdìkejì ilẹ̀ Bọ́mà lọ́hùn-ún. Àwọn ará abúlé tí kò mọ̀ ọ́n rí ni wọ́n fi í pamọ́, tí wọ́n sì bọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó padà délé, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀. Mo wí fún ara mi pé, bí àwọn ènìyàn wa bá ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní agbègbè yìí kí wọ́n tó bí mi, kí ni mo wá ń fi orúkọ ilẹ̀ wa pamọ́ sí nítorí 15,000 báàtì?

Mo padà sí Khorat kí ọdún tó dé. Ní ìgboro, tọmọdé tàgbà ń da omi lu ara wọn, kò sí ẹni tí ń bínú. Ṣùgbọ́n nínú ilé, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń da omi olóòórùn dídùn sí àwọn àgbà lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá onílé mi, mo da omi sí i lọ́wọ́, ó sì súre fún mi. Orúkọ Yorùbá mi ni ó pè nínú àdúrà náà, ohùn rẹ̀ sì pé. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe alárinà, mo ní n kò ṣe. Ó ní òmùgọ̀ ni mí.

Mo sọ fún ìyá mi pé owó òrùlé yóò pẹ́ díẹ̀. Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, “Òjò kò tíì pa mí. Ṣé o ti jẹun?”

N kò ní tan yín: 20,000 náà ni mo ṣì ń gbà, ó sì ń dùn mí lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-ìwé wọlé nínú oṣù Karùn-ún, mo fi Nàìjíríà hàn wọ́n lórí máàpù, mo kọ ọkọ́ àti ọkọ̀ sójú pátákó. Ogójì ọmọ pè é bí ẹni pé Ọ̀yọ́ ni a bí wọn sí. Ẹlẹgbẹ́ mi tí ń gba 35,000 dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbìyànjú títí, kò rí i pè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ wá ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ mú ìwé ẹ̀rí yunifásítì dání, kí ẹ sì gba físà tí ó gba ènìyàn láyè láti ṣiṣẹ́, nítorí físà ìbẹ̀wò kò gbà yín láyè bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe wọ kíláàsì láìní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ẹ fi owó oúnjẹ oṣù méjì pamọ́ de họlidé. Bí wọ́n bá sì bi yín níbi tí ẹ ti wá, ẹ sọ ọ́. Ìyá yín lè pè yín lórí fóònù nígbàkígbà.