Kí A Tó Gbéra, Kí A Mọ Ibi tí A Ó Sùn

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì létí àgbàlagbà ọmọ Yorùbá, ohun mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn: ọtí, ìlù àti obìnrin tí kò ní ilé ọkọ. Bí ẹ bá wá ní òun gan-an ni kí ó lọ sùn níbẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì ní ilé nínú ìlú kan náà, ìbínú ni. Yóò bi yín léèrè pé ta ni ó lé òun jáde. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe fún àwọn olówó tí wọ́n mọ òkè òkun bí ẹni mọ owó, bí kò ṣe fún irú èmi olùkọ́, tí ó mú ìyá rẹ̀ lọ sí Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì pẹ̀lú owó tí a kà tí a tún un kà, tí ó sì fẹ́ kí ara tù ú.

Nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi obìnrin ní Hamburg. Nígbà tí ó bí àkọ́bí rẹ̀, Màmá ní dandan ni kí òun fi ọwọ́ òun wẹ ọmọ náà. Ẹjọ́ rẹ̀ tọ́. Ṣùgbọ́n iyàrá kan àti pálọ̀ ni àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ní àjà kẹrin, ilé náà kò sì ní lífítì. Màmá ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n dúró ti igbá ẹja lọ́jà, orúnkún rẹ̀ kò sì lè gun irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Àbúrò mi kò lè sọ fún ìyá rẹ̀ pé àyè kò sí. Ọmọ wo ni yóò sọ bẹ́ẹ̀? Ó kàn ń dákẹ́ lórí fóònù ni. Èmi ni ìdákẹ́ náà yé, èmi ni mo sì sọ ọ́ síta pé hòtẹ́ẹ̀lì ni èmi àti Màmá yóò wọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá tí a ó lò.

Màmá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Àkànbí, bí mo bá padà dé, tí àwọn ẹgbẹ́ mi bi mí pé níbo ni mo sùn, kí ni kí n wí? Ṣé kí n ní ọmọ mi tì mí síta?" Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi dá mi lóhùn dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Bí a bá fi ipá mú un wọ hòtẹ́ẹ̀lì, ìrìn náà yóò korò lẹ́nu rẹ̀ títí láé. Bí a bá sì kó gbogbo wa sí inú iyàrá kan pẹ̀lú ìkókó tí ń ké lóru, ìjà lè bẹ́ sílẹ̀ láàrin ìyá àti àna, irú ìjà bẹ́ẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀.

Ìtàn ni mo fi bẹ̀ ẹ́, nítorí òun ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́. Mo sọ fún un pé Hamburg àti Èkó ti mọ ara wọn tipẹ́. Láàrin ọdún 1850 sí 1860, ilé iṣẹ́ O'Swald ti Hamburg ń fi ọkọ̀ ojú omi kó owó ẹyọ láti Zanzibar wá sí Èkó, wọ́n sì ń fi í ra epo pupa. Gaiser, tí òun náà jẹ́ ará Hamburg, gba òwò náà lẹ́yìn wọn. Púpọ̀ nínú owó ẹyọ tí àwọn ìyá ìyá wa fi ná ọjà, ọwọ́ àwọn ará ìlú yìí ni ó gbà kọjá. Mo ní, "Màmá, nígbà tí àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn wá ra epo lọ́wọ́ wa, ilé tiwọn ni wọ́n wọ̀. Wọn kò sùn ti ìkòkò epo ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé a tì wọ́n síta." Ó rẹ́rìn-ín. Mo wá fi òwe kún un pé, ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. "Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ yín máa san gbèsè oorun lẹ́yìn tí ẹ bá padà sílé ni?" Ibẹ̀ ni ó ti gbà. Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè, pé kí ilé náà má jìnnà sí ọmọ òun.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí a ti ṣe ètò náà, nítorí ẹlòmíràn lè rí ohun mú lò níbẹ̀.

Èkíní, ọ̀rọ̀ ibi tí a ó sùn kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ di ìgbà tí a bá débẹ̀. Àwọn tí ń fúnni ní físà yóò béèrè ẹ̀rí ibi tí ẹ ó wọ̀ sí, wọn yóò sì béèrè ìwé adójútòfò tí ó lè san 30,000 yúrò ó kéré tán bí àìsàn bá ṣe yín lọ́hùn-ún. Owó físà àgbàlagbà ti di 90 yúrò láti oṣù kẹfà ọdún 2024. A lè kọ ìwé béèrè nígbà tí ìrìn bá ku oṣù mẹ́fà, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó dín ní ọjọ́ 15. Nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé físà yóò jáde, iyàrá tí a lè dá padà láìsan kọ́bọ̀ ni mo gbà. Ó fi díẹ̀ wọ́n ju èyí tí a kò lè dá padà lọ, ṣùgbọ́n ìfọ̀kànbalẹ̀ ni mo fi owó náà rà. Mo kọ ọjọ́ tí àyè ìdápadà yóò parí sára ògiri, bí mo ti máa ń kọ ọjọ́ ìdánwò.

Èkejì ni àdúgbò. Ìlú ńlá ni Hamburg. Lẹ́yìn Berlin, kò sí èyí tí ó pọ̀ tó o ní Jámánì, àwọn ará ibẹ̀ sì ju 1,800,000 lọ. Hòtẹ́ẹ̀lì pọ̀ bí eṣú nítòsí ibùdó ńlá ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n ariwo ò jìnnà sí ibẹ̀. Ní St. Pauli, níbi tí òpópónà Reeperbahn wà, òru ni ọjà àríyá ń kún. Ọ̀dọ́ lè fẹ́ ibẹ̀. Ìyá arúgbó kò fẹ́ ẹ. Barmbek ni àbúrò mi ń gbé, Barmbek náà ni mo sì wá ilé sí, ní òpópónà mélòó kan sí ilé rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin S1, tí ó ń lọ láti pápákọ̀ òfuurufú dé ibùdó ńlá láàrin ìṣẹ́jú 25, ń dúró ní Barmbek lójú ọ̀nà. Ẹ má ṣe gbàgbé èyí nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ o: ní Ohlsdorf, ọkọ̀ náà a máa pín sí méjì. Apá iwájú ni ó ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Apá ẹ̀yìn ń lọ sí Poppenbüttel. Ẹni tí ó bá jókòó sẹ́yìn, ibi tí kò rò ni yóò bá ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àkókò. Ìyàtọ̀ ọ̀sẹ̀ kan lè sọ owó iyàrá di ìlọ́po. Ní oṣù karùn-ún, Hamburg a máa ṣe ọdún èbúté rẹ̀, àlejò a sì kún ìlú. Bẹ́ẹ̀ náà ni Munich rí nígbà Oktoberfest, láti oṣù kẹsàn-án wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, àti Frankfurt nígbà ìpàtẹ ìwé ní oṣù kẹwàá. Kí a tó mú ọjọ́, kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìlú náà ń ṣe lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìràwọ̀ nìkan. Ìràwọ̀ kan sí márùn-ún ni wọ́n fi ń díwọ̀n hòtẹ́ẹ̀lì ní Jámánì, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ọkàn ni; hòtẹ́ẹ̀lì tí kò bá fẹ́ kí wọ́n díwọ̀n òun kò ní ìràwọ̀, ó sì lè dára. Àwọn àgbà ní àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Ohun tí ó bá Màmá mu ni mo béèrè, mo sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ní kókó kọ̀ọ̀kan. Ṣé lífítì wà, ṣé ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀, àbí ènìyàn yóò kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn kí ó tó kàn án? Ṣé ẹsẹ̀ lásán ni a fi ń wọ ibi ìwẹ̀, àbí a ó gbé ẹsẹ̀ ré kọjá ògiri báàfù? Ṣé bẹ́ẹ̀dì méjì tí ó dá dúró ni, nítorí pé èmi àti ìyá mi ni? Ṣé fèrèsé kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, àbí sí títì? Ṣé kẹ́tùlù wà nínú iyàrá? Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ni kò ní in, bẹ́ẹ̀ Màmá kò lè ṣe kí ó má mu omi gbígbóná láàárọ̀. Ṣé ẹ̀rọ amúlétutù wà? Púpọ̀ wọn kò ní in, a sì ń lọ nínú oṣù kẹjọ.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ owó náà pẹ̀lú. Ṣé oúnjẹ àárọ̀ wà nínú iye tí wọ́n pè? Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà "garni" lára orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì, ó túmọ̀ sí pé oúnjẹ àárọ̀ nìkan ni wọ́n ń sè. Oúnjẹ alẹ́ di ọwọ́ yín. Láti ọdún 2013, Hamburg ń gba owó ìlú lórí oorun àlejò, ó sì ń ga bí owó iyàrá bá ti ga tó. Ní Berlin, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Kò pọ̀ títí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣírò owó kò gbọdọ̀ fo ó.

Nígbà tí a dé, lẹ́tà tí mo kọ ni ó gbà wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gba àlejò fún wa ní kọ́kọ́rọ́ àjà kẹta, ó sì fi kún un pé lífítì bàjẹ́. Màmá wò mí, kò sọ̀rọ̀. Mo fa ìwé ìdáhùn wọn yọ nínú àpò, níbi tí wọ́n ti ṣèlérí pé ìyá arúgbó kò ní gun àtẹ̀gùn. Ó kà á, ó wọlé lọ, ó sì fún wa ní iyàrá ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. N kò pariwo, òun náà kò pariwo. Òyìnbó Jámánì a máa bọ̀wọ̀ fún ohun tí a kọ sílẹ̀. Àwọn àlejò láti ilẹ̀ mìíràn sì ní ìwé kan tí wọn yóò fọwọ́ sí pẹ̀lú ìwé ìrìnnà wọn nígbà tí wọ́n bá dé. Ọmọ Jámánì ni a yọ̀ǹda fún láti ọdún 2025, kì í ṣe àwa.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí ó ń dènà wàhálà. Sókẹ́ẹ̀tì iná wọn kò gba púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa, nítorí náà ẹ mú ádápítọ̀ dání. Agbára iná náà kò yàtọ̀ sí tiwa. Omi ẹ̀rọ ṣeé mu, ẹ má fi owó ra omi inú ìgò. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀, wọn kì í fẹ́ gbọ́ ariwo. Èyí kan wa gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé aago márùn-ún ni Màmá ń gbàdúrà, ohùn rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú iyàrá. Bí aago mẹ́fà bá lù, a ó rìn lọ sí etí odò Osterbek, níbẹ̀ ni yóò ti fi ohùn rẹ̀ gangan parí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, òfin ti ilé ìtajà pa. Ọjọ́ Sátidé ni kí ẹ ti ra ohun tí ẹ ó jẹ. Ṣùgbọ́n Hamburg ní ọjà ẹja kan tí wọ́n ti ń ná láti ọdún 1703, òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú nìkan ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn láti aago márùn-ún di mẹ́sàn-án ààbọ̀. Mo mú Màmá débẹ̀. Àwọn ọkùnrin dúró sórí ọkọ̀, wọ́n ń kígbe iye ẹja, wọ́n ń ju ọ̀kan kún òmíràn nínú ọ̀rá kí oníbàárà má baà lọ. Màmá kò gbọ́ èdè Jámánì kankan. Ó dúró, ó wò wọ́n, ó ní, "Èènì ni wọ́n ń fi yẹn." Ó rà láìní ògbufọ̀.

Bí ọjọ́ mẹ́wàá náà ṣe lọ nìyí: lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Màmá á rìn lọ gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kan, á wẹ ọmọ, á sè ọbẹ̀, á sì kọ́ àbúrò mi bí a ti ń di inú. Bí oòrùn bá yẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀, á wá na ẹsẹ̀. Àna rẹ̀ ni ó ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì lálaalẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ lójú ọ̀nà yẹn pọ̀ ju èyí tí wọ́n ti sọ láti ìgbà ìyàwó lọ. Owó iyàrá náà, èmi, ẹ̀gbọ́n wa àti àbúrò mi ni a dá a, kò sì pa ẹnì kan lára. Nígbà tí ẹgbẹ́ Màmá bi í léèrè ibi tí ó sùn, mo gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ pẹ̀lú etí mi: "Ilé méjì ni mo ní ní Hamburg. Mo ń sùn nínú ọ̀kan, mo ń ṣiṣẹ́ nínú èkejì."

Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tí ẹ fẹ́ mú rìn, ẹ jókòó tì wọ́n kí ẹ tó jókòó ti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ẹ béèrè orúnkún wọn, oorun wọn àti aago àdúrà wọn. Ohun tí ẹ ó kọ sínú lẹ́tà nìyẹn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀nà á là o.