Ẹ Má Fi Ihò Bọ́tìnnì Dọjọ́ Fírídọ́ọ̀mù

Castleridge, Calgary, Kánádà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Lórí ọ̀rọ̀ ihò bọ́tìnnì tí ẹ bi mí, ohun tí mo rí sí i ni pé kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ yín ti máa fi maṣíìnì kọ́ ọ láti ọdún àkọ́kọ́. Télọ̀ tó ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì lọ bá ẹlòmíì pé kó bá òun ṣe ihò kò tíì mọ ṣẹ́ẹ̀tì í rán tán. Ara iṣẹ́ ìkẹyìn ni ihò, òun ló sì léwu jù: ojú rírán tó wọ́ ṣeé tú, ṣùgbọ́n abẹ tó bá ré kọjá ààlà ti ba aṣọ oníaṣọ jẹ́.

Maṣíìnì kò mọ ìwọ̀n bọ́tìnnì, ọmọ ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ ó ro fífẹ̀ bọ́tìnnì pọ̀ mọ́ nínípọn rẹ̀: bọ́tìnnì tó fẹ̀ ní mìlímítà 12, tó nípọn ní 3, ihò 15 ló ń fẹ́. Kí gọ̀mù-stéè wà láàárín aṣọ, kí sígísáàgì tó há wà lápá méjèèjì, kí orí àti ìdí ihò ní ìdè tó nípọn. Bí wọ́n bá fẹ́ là á, kí wọ́n gún píìnì dábùú ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kí wọ́n máa là á bọ̀ sí àárín. Àgékù aṣọ tó láti fi kọ́ gbogbo èyí. Àkókò náà kò ní wọ́n yín: ní Alberta níbí, wákàtí 25 péré ni kírẹ́dítì kan nínú ẹ̀kọ́ aṣọ rírán ilé ìwé girama. Ọmọ tó ń lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ yín ńkọ́?

Ẹ lè ní maṣíìnì Butterfly dúdú tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kì í rán ju ọ̀nà tààrà lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ irú maṣíìnì bẹ́ẹ̀, Singer pàápàá tà á. Wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ bo eyín tó ń fa aṣọ. Abẹ́rẹ́ á dúró sójú kan, irinṣẹ́ á máa ti aṣọ sọ́tùn-ún sósì. Kò bèèrè iná mànàmáná. Àwọn kan á ní owó táṣẹ́rẹ́ ni ẹni tó ń ṣe ihò ń gbà. Owó kọ́ ló ń dùn mí, ọjọ́ tí aṣọ fi ń tò sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ọdún ni. Ihò tí wọ́n ń fi ọwọ́ rán náà ṣì wúlò o, pàápàá lára aṣọ òkè tó ki; ẹ má yọ ọ́ kúrò.

Kí ẹ tó ra irinṣẹ́ náà, ẹ wọn ọ̀pá tí ẹsẹ̀ maṣíìnì tó ń tẹ aṣọ so mọ́. Kúkúrú wà, gígùn wà. Ti ọ̀kan kì í bá èkejì mu.

Èmi àbúrò yín